Júpítà Gbígbóná: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Àwọn Plánẹ́ẹ̀tì Gáàsì Tó Ń Kọjá Níwájú Ìràwọ̀ Wọn

Ìbéèrè kan náà là ń gbọ́ ní gbogbo ìgbà tí ìròyìn plánẹ́ẹ̀tì tuntun bá jáde, ìdí nìyí tí a fi kó wọn jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó ta kókó wà nísàlẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní Júpítà gbígbóná?

Júpítà ló tóbi jù nínú gbogbo plánẹ́ẹ̀tì tó ń yí òòrùn wa po. Bí a bá to ayé mọ́kànlá mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìyẹn ni fífẹ̀ rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po 318 ti ayé. Kò ní ilẹ̀ tí èèyàn lè fẹsẹ̀ tẹ̀. Háídírójìn àti hílíọ́ọ̀mù ló pọ̀ jù lára rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti òòrùn fúnra rẹ̀. Ó jìnnà sí òòrùn, ó tutù nini, ọdún 12 ló sì fi ń yí i po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Júpítà gbígbóná jẹ́ plánẹ́ẹ̀tì gáàsì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìràwọ̀ mìíràn lọ́hùn-ún ló ń yí po, ó sì sún mọ́ ìràwọ̀ náà débi pé ọdún tirẹ̀ kì í sábà ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Ọ̀kan nínú wọn, WASP-19b, tilẹ̀ ń parí ọdún tirẹ̀ láàárín wákàtí 19. Ká ní wọ́n ń bímọ níbẹ̀, kí ọjọ́ ìkómọ tó pé, ọmọ á ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́jọ.

Ṣé fọ́tò wọn ni àwọn àwòrán aláràbarà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Rárá o. Ayàwòrán ló fojú inú yà wọ́n. Kò sẹ́ni tó tíì ya fọ́tò Júpítà gbígbóná kankan, torí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá.

Fọ́tò plánẹ́ẹ̀tì ìràwọ̀ mìíràn wà lóòótọ́. Wọ́n ti ya àwọn mẹ́rin tó ń yí ìràwọ̀ HR 8799 po, ṣùgbọ́n àwọn yẹn jìnnà sí ìràwọ̀ wọn ju bí Júpítà ṣe jìnnà sí òòrùn lọ, síbẹ̀ ẹyọ iná bíńtín lásán ni wọ́n jẹ́ nínú fọ́tò ọ̀hún. Bí ẹ bá rí àwòrán tí ìkùukùu àti ìjì hàn kedere lára plánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ayàwòrán ni.

Bí wọn ò bá rí i, kí wá ni wọ́n rí?

Ìràwọ̀ ni wọ́n ń ṣọ́. Bí ọ̀nà tí plánẹ́ẹ̀tì ń gbà yí ìràwọ̀ rẹ̀ po bá ṣe déédéé pẹ̀lú ojú wa, á máa gba àárín àwa àti ìràwọ̀ náà kọjá ní gbogbo ìgbà tó bá yí po. Bó ṣe ń kọjá, ó ń dí díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, nígbà tí òṣùpá bo òòrùn lójú ní Tógò, Benin àti apá kan Nàìjíríà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé plánẹ́ẹ̀tì kéré púpọ̀ sí ìràwọ̀ rẹ̀, kò lè bò ó tán láéláé.

Wọ́n á máa wọn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà léraléra, wọ́n á sì fi iye tí wọ́n rí fa ìlà. Bí ìlà náà bá ń lọ gbọọrọ, tó rì wálẹ̀ díẹ̀, tó dúró nísàlẹ̀ fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, tó padà sókè, tó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn iye wákàtí kan náà gẹ́lẹ́, láìyẹ̀, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan máa yí ìràwọ̀ náà po. Ó ṣeé ṣe ni mo wí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ta ló kọ́kọ́ rí irú plánẹ́ẹ̀tì yìí?

Michel Mayor àti Didier Queloz, àwọn ará Switzerland, ni wọ́n kéde èyí àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1995. Tẹlisíkóòpù tó wà ní Haute-Provence nílẹ̀ Faransé ni wọ́n lò. Orúkọ plánẹ́ẹ̀tì náà ni 51 Pegasi b, ọjọ́ mẹ́rin àti díẹ̀ ló sì fi ń yí ìràwọ̀ rẹ̀ po. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ní 2019. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kíkọjá níwájú ìràwọ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Bí ìràwọ̀ náà ṣe ń mì ni wọ́n rí; àlàyé mímì náà ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí tó ń kọjá níwájú ìràwọ̀ ni HD 209458 b, ní 1999. Ikọ̀ méjì ló rí i láìjẹ́ pé wọ́n jọ ṣiṣẹ́. David Charbonneau, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, wà nínú ọ̀kan pẹ̀lú Timothy Brown. Ẹ̀rọ tí wọ́n lò ní Colorado kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ lójú. Greg Henry wà nínú ikọ̀ kejì. Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí ni pé sátẹ́láìtì Hipparcos ti ka ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà sílẹ̀ ní ọdún mélòó kan ṣáájú, àmì plánẹ́ẹ̀tì náà sì wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá a, kò sẹ́ni tó rí i, àfi ìgbà tí ìròyìn ti jáde tán tí wọ́n padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé èrò ọ̀hún ò sí nílẹ̀. Ní 1952, onímọ̀ ìràwọ̀ kan, Otto Struve, kọ ọ́ pé kò sí ohun tó ní kí plánẹ́ẹ̀tì ńlá má sún mọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ gan-an, àti pé a lè fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dín kù wá a. Wọn ò kà á sí. Ó lé ní ogójì ọdún kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ṣẹ.

Báwo ni ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń dín kù tó?

Ìwọ̀n ojú plánẹ́ẹ̀tì sí ojú ìràwọ̀ ló ń sọ ọ́. Fífẹ̀ Júpítà tó ìdá mẹ́wàá ti òòrùn, nítorí náà ojú tó máa dí jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ìdá mẹ́wàá, ìyẹn ìdá 1 nínú 100. HD 209458 b ń dí nǹkan bí ìdá kan àti ààbọ̀ nínú 100 fún wákàtí mẹ́ta. HD 189733 b ń dí ju ìdá méjì lọ nínú 100, torí ìràwọ̀ tirẹ̀ kéré ju òòrùn lọ.

Bí ará ibòmíràn bá ń wo ayé wa tó ń kọjá níwájú òòrùn, ohun tó máa rí kò tó ìdá 1 nínú 10,000.

Ṣé Júpítà gbígbóná ló pọ̀ jù lójú ọ̀run ni wọ́n ṣe tètè rí i?

Ó tì o. Òun ló ṣọ̀wọ́n. Nínú ọgọ́rùn-ún ìràwọ̀ tó dà bí òòrùn, kò dájú pé ẹyọ kan máa ní in. Ó rọrùn láti rí ni.

Àkọ́kọ́, ó tóbi, ojú tó ń dí pọ̀. Èkejì, ọjọ́ díẹ̀ ló fi ń yí po, torí náà ẹni tó bá ṣọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ fún oṣù kan á rí i kó kọjá léraléra. Ẹni tó bá ń retí Júpítà tiwa á jókòó fún ọdún 12 kó tó rí i lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀kẹta ni àwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé: bí plánẹ́ẹ̀tì bá ṣe sún mọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ tó ni àǹfààní pé ó máa kọjá níwájú rẹ̀ lójú wa ṣe pọ̀ tó. Fún Júpítà gbígbóná, ó tó ẹyọ kan nínú mẹ́wàá. Fún plánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà sí ìràwọ̀ bí ayé ṣe jìnnà sí òòrùn, kò ju ẹyọ kan nínú igba lọ. Àwọn mẹ́sàn-án yòókù nínú mẹ́wàá ń kọjá lókè tàbí nísàlẹ̀ ojú ìràwọ̀ wọn, a ò sì ní mọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí NASA, àjọ ìwádìí òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kéde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 pé plánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti mọ̀ lẹ́yìn òòrùn wa ti pé 6,000, ẹ má ṣe rò pé iye yẹn fi bí ọ̀run ṣe rí hàn. Ohun tí ẹ̀rọ wa lè rí ló fi hàn.

Ẹ̀rọ wo ni wọ́n fi ń wá wọn?

Ẹ lè rò pé tẹlisíkóòpù ràgàjì ni. Ikọ̀ WASP, tó jẹ́ ti àwọn ará Britain, kó lẹ́ǹsì kámẹ́rà Canon mẹ́jọ pọ̀, irú èyí tí àwọn ayàfọ́tò eré ìdárayá ń lò, wọ́n gbé wọn ka orí irin kan, wọ́n sì ń fi wọ́n ya ojú ọ̀run léraléra látòru mọ́jú. Ọ̀kan wà ní erékùṣù La Palma, èkejì wà ní Sutherland ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí òfuurufú ti gbẹ, tí iná ìlú ò sì sí. Àwọn méjèèjì ti rí plánẹ́ẹ̀tì tó lé ní 150, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ Júpítà gbígbóná. Ikọ̀ KELT náà gbé kámẹ́rà kan sí Sutherland yìí kan náà. Ikọ̀ HATSouth ní tiwọn tẹ̀dó sí Chile, Namibia àti Australia, kó lè jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ń mọ́ ní ibì kan, òru á ṣì wà ní ibòmíràn.

Lẹ́yìn náà ni sátẹ́láìtì. Kepler tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ ní 2009 tẹjú mọ́ ìràwọ̀ tó lé ní 150,000 ní ojú kan náà fún ọdún mẹ́rin, ó sì rí plánẹ́ẹ̀tì tó lé ní 2,600 kó tó dákẹ́ iṣẹ́ ní 2018. TESS tó gorí òfuurufú ní 2018 ń wo gbogbo ojú ọ̀run ní ìpín-ìpín, nǹkan bí ọjọ́ 27 fún ìpín kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 27 tó, ó ṣẹ́ kù, fún Júpítà gbígbóná.

Áfíríkà ní ipa tó pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ju bí ìròyìn ṣe máa ń gbé e lọ.

Kí ló dé tí orúkọ wọn fi rí bẹ́ẹ̀? Ṣé wọn ò lè sọ wọ́n lórúkọ gidi ni?

Orúkọ ìràwọ̀ ló máa ń ṣáájú, lẹ́tà á tẹ̀ lé e. WASP-12 ni ìràwọ̀ kejìlá tí ikọ̀ WASP rí plánẹ́ẹ̀tì lára rẹ̀. Lẹ́tà "b" ni ti plánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ́kọ́ rí níbẹ̀. Wọn kì í lo "a", torí ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Bí òmíràn bá yọjú, "c" nìyẹn.

Orúkọ gidi wà. Ní 2019, àjọ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé, IAU, ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sọ ìràwọ̀ kan àti plánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórúkọ. Nàìjíríà pe ìràwọ̀ HD 43197 ní Amadioha, òrìṣà àrá àwọn Ìgbò, wọ́n sì pe plánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Equiano, ẹrú tó ra òmìnira ara rẹ̀ tó sì bá wọn jà kí òwò ẹrú dópin. Ẹ̀yin tó ń béèrè: rárá, Equiano kì í ṣe Júpítà gbígbóná. Plánẹ́ẹ̀tì gáàsì ni, àmọ́ ó jìnnà sí ìràwọ̀ rẹ̀. Àwọn ará Côte d'Ivoire ló mú Júpítà gbígbóná: WASP-15 ni wọ́n sọ ní Nyamien, plánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ń jẹ́ Asye. Gúúsù Áfíríkà náà mú WASP-62, wọ́n pe ìràwọ̀ ní Naledi, plánẹ́ẹ̀tì ní Krotoa.

Ṣé gbogbo ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń dín kù ni plánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀?

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti le. Nínú àwọn tí kọ̀ǹpútà bá kọ́kọ́ nawọ́ sí, èyí tó pọ̀ jù ni kì í ṣe plánẹ́ẹ̀tì. Ìràwọ̀ méjì tó ń yí ara wọn po ló ń tan ni jẹ jù. Bí ọ̀kan bá kàn fi etí kan ara èkejì kọjá, ohun tó máa dí á kéré, á sì jọ ti plánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á wo bí ìlà náà ṣe rì: plánẹ́ẹ̀tì tó wọ àárín ojú ìràwọ̀ máa ń ní ìsàlẹ̀ pẹrẹsẹ, ìràwọ̀ méjì tó kàn fara kanra máa ń ṣe ṣóńṣó bíi lẹ́tà V. Wọ́n á tún fi ìrìsílẹ̀ àkọ́kọ́ wé èkejì, ẹ̀kẹta wé ẹ̀kẹrin. Bí ọ̀kan bá jìn ju èkejì lọ ní àyípadà-àyípadà, ìràwọ̀ méjì ló ń gba iwájú ara wọn kọjá ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé.

Ẹ̀tàn kejì wá láti ọ̀dọ̀ kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Lẹ́ǹsì tó ń wo ojú ọ̀run tó fẹ̀ kì í lè ya ìràwọ̀ tó wà nítòsí ara wọn sọ́tọ̀. Ìràwọ̀ méjì tó ń bo ara wọn lè wà lẹ́yìn ìràwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀ ju wọ́n lọ, kí ìmọ́lẹ̀ gbogbo wọn sì dà pọ̀. Ìdajì tí àwọn yẹn pàdánù á wá dà bí ìdá 1 nínú 100 lára èyí tó mọ́lẹ̀. Tẹlisíkóòpù tó tóbi ni wọ́n fi ń tú irú èyí wò, láti mọ ẹni tó ń ṣe é gan-an.

Ẹ̀kẹta ló burú jù, torí kò sí ohun tí ìlà ìmọ́lẹ̀ nìkan lè ṣe sí i. Ìràwọ̀ kan lè kéré tó plánẹ́ẹ̀tì. Ikọ̀ WASP fúnra wọn rí ọ̀kan tí wọ́n kéde ní 2017, EBLM J0555-57Ab: kò tóbi ju Sátọ́ọ̀nù lọ, àmọ́ ìwọ̀n rẹ̀ tó Júpítà 85. Bó ṣe ń kọjá níwájú ẹnìkejì rẹ̀, kò yàtọ̀ sí plánẹ́ẹ̀tì. Àfi kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Lójú tèmi, títí wọ́n fi máa wọ̀n ọ́n, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pè é ní plánẹ́ẹ̀tì, ohun yòówù kí ìwé ìròyìn sọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn plánẹ́ẹ̀tì tí wọn ò rí?

Plánẹ́ẹ̀tì ń fa ìràwọ̀ rẹ̀ bí ìràwọ̀ náà ṣe ń fà á. Nítorí náà ìràwọ̀ náà kì í dúró sójú kan; ó ń rìn bọ̀ sọ́dọ̀ wa díẹ̀, ó ń padà sẹ́yìn díẹ̀. Bó bá ń bọ̀, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sún bíńtín sápá búlúù; bó bá ń lọ, á sún sápá pupa. Ẹ̀rọ tó ń ya ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń rí i. Ìràwọ̀ 51 Pegasi ń lọ ó ń bọ̀ ní nǹkan bíi mítà 55 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn kò ju eré mọ́tò ìdíje lọ, lára ìràwọ̀ tó jìnnà sí wa tó ìrìn ọdún 50 fún ìmọ́lẹ̀!

Kíkọjá ń sọ bó ṣe tóbi tó, mímì ń sọ bó ṣe wúwo tó. Ẹni tó bá ní méjèèjì lè mọ̀ bóyá gáàsì ni tàbí òkúta. HD 209458 b fẹ̀ ju Júpítà lọ pẹ̀lú nǹkan bí ìdá mẹ́ta, síbẹ̀ ìwọ̀n rẹ̀ kò ju ìdá méje nínú mẹ́wàá ti Júpítà lọ. Gáàsì ni, kò sí àríyànjiyàn.

Mímì nìkan kò tó. Bí a kò bá mọ bí ọ̀nà plánẹ́ẹ̀tì náà ṣe dagun sí ojú wa, ìwọ̀n tó kéré jù tó lè jẹ́ nìkan la lè sọ. Èyí tó ń kọjá níwájú ìràwọ̀ rẹ̀ ti jẹ́ ká mọ bó ṣe dagun. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ.

Báwo ló ṣe gbóná tó?

Ọ̀pọ̀ wọn ju 1,000 dígírì Celsius lọ. KELT-9b, tí wọ́n kéde ní 2017, ló gba ipò iwájú: ojú rẹ̀ tó kọ sí ìràwọ̀ tó nǹkan bí 4,300 dígírì, ó gbóná ju ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ kéékèèké fúnra wọn lọ.

Ní WASP-76b, ooru ojú ọ̀sán ju 2,400 dígírì lọ, irin ń di gáàsì níbẹ̀. Ní 2020, àwọn tó lo tẹlisíkóòpù VLT ní Chile rí i pé gáàsì irin wà ní etí ibi tí ọ̀sán ti ń di òru, kò sì sí ní etí kejì tí òru ti ń di ọ̀sán. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni pé irin náà ń tutù lápá òru, ó ń rọ̀ bí òjò. HD 189733 b ní tirẹ̀ jẹ́ búlúù bí aró lójú tẹlisíkóòpù Hubble. Kì í ṣe òkun ló wà níbẹ̀ o, ooru ibẹ̀ ò gba omi láyè. TrES-2b ló wá ṣókùnkùn jù: ìmọ́lẹ̀ tó ń dá padà kò tó ìdá 1 nínú 100.

Ṣé ọ̀sán àti òru wà níbẹ̀?

Ó wà, ṣùgbọ́n wọn kì í pààrọ̀. Òòfà ìràwọ̀ ti so ó mọ́lẹ̀ débi pé ojú kan náà ló ń kọ sí ìràwọ̀ títí, bí òṣùpá ṣe ń kọ ojú kan náà sí wa. Ọ̀sán ayérayé ní apá kan, òru ayérayé ní apá kejì.

Ooru ò wá dúró sójú kan. Ní 2007, wọ́n fi tẹlisíkóòpù Spitzer ya máàpù ooru HD 189733 b, wọ́n sì rí i pé ibi tó gbóná jù kì í ṣe ibi tó kọjú sí ìràwọ̀ gan-an. Ó ti sún sí ìlà-oòrùn. Ìjì líle tó ń fẹ́ yí plánẹ́ẹ̀tì náà ká ló gbé ooru ọ̀hún lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀?

Nígbà tí plánẹ́ẹ̀tì bá ń kọjá, díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ á gba inú afẹ́fẹ́ tó yí etí rẹ̀ ká kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Gáàsì kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tó máa ń gbé mì. Wọ́n á wo àwọ̀ tó dín kù ju èyí tó yẹ lọ, wọ́n á sì mọ gáàsì tó jẹ ẹ́.

Sódíọ́ọ̀mù, tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀ wa, ni wọ́n kọ́kọ́ rí bẹ́ẹ̀, lára HD 209458 b, nípasẹ̀ Hubble ní 2001. Ní 2022, tẹlisíkóòpù James Webb rí kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáìdì kedere lára WASP-39b, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò sí iyèméjì rárá lórí gáàsì yẹn nínú afẹ́fẹ́ plánẹ́ẹ̀tì ìràwọ̀ mìíràn.

Ṣé ẹ̀dá alààyè lè gbé ibẹ̀?

Rárá. Kò sí ilẹ̀, kò sí omi tó ń ṣàn, ooru ibẹ̀ sì ń tú ọ̀pọ̀ kẹ́míkà ká.

Ṣé mo lè rí ọ̀kan láti Nàìjíríà?

Ojú lásán kò lè rí ìdá 1 nínú 100 kó dín kù, bó ti wù kí tẹlisíkóòpù tóbi tó. Kámẹ́rà ló lè rí i. Tẹlisíkóòpù kékeré tó ń fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé ìràwọ̀, kámẹ́rà tó ṣeé dè mọ́ ọn, àti kọ̀ǹpútà alágbèéká tó. Ẹ máa ya fọ́tò láti bíi wákàtí kan ṣáájú kíkọjá títí di wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì máa fi ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà wé ti àwọn ìràwọ̀ mìíràn tó wà nínú fọ́tò kan náà, torí bí ìkùukùu tín-ín-rín bá kọjá, gbogbo wọn ló máa kàn.

HD 189733 dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀: ó mọ́lẹ̀, ìrìsílẹ̀ rẹ̀ jìn, ó sì máa ń kọjá nítòsí àárín orí wa nílẹ̀ Yorùbá. Ìṣòro rẹ̀ ni pé oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá ló ga jù lálẹ́, òjò sì nìyẹn. HD 209458 ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ga, torí náà ẹ lè bá a ní ìparí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá, kí ọyẹ́ tó dé. Eruku ọyẹ́ ò ṣe é bá jà.

Ẹni tí kò ní tẹlisíkóòpù náà ò pàdánù. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ohun tí TESS ń kó jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ètò Exoplanet Watch ti NASA sì ń gba ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá wọn ṣe ìṣirò.

Báwo ni plánẹ́ẹ̀tì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ṣe dé ẹ̀gbẹ́ iná?

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Ibi tó jìnnà, tó tutù, tí yìnyín àti gáàsì ti pọ̀, ni irú rẹ̀ ti ń dàgbà. Lẹ́yìn náà ló ṣí wá. Bó ṣe ṣí wá ni wọ́n ń jiyàn lé. Àwọn kan ní agbami gáàsì àti eruku tó yí ìràwọ̀ tuntun ká ló ń fà á wọlé díẹ̀díẹ̀. Àwọn mìíràn ní plánẹ́ẹ̀tì tàbí ìràwọ̀ mìíràn ló tì í kúrò lọ́nà, tí ọ̀nà rẹ̀ wá gùn bí ẹyin tí wọ́n fà, tó ń sún mọ́ ìràwọ̀ gan-an lẹ́ẹ̀kan ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, títí òòfà ìràwọ̀ fi tún ọ̀nà náà ṣe rogodo.

Èrò kejì ní ẹlẹ́rìí. HD 80606 b ń lo ọjọ́ 111 láti yí po, ọ̀nà rẹ̀ sì gùn débi pé, bó bá dé itòsí ìràwọ̀, ooru rẹ̀ ń fò láti nǹkan bí 500 dígírì sí 1,200 láàárín wákàtí mẹ́fà. Ó jọ pé inú ìrìn àjò ni a ti bá a. WASP-17b náà wà, tó ń yí lọ sí òdìkejì ibi tí ìràwọ̀ rẹ̀ ń yí sí. Agbami tó rọra fà á wọlé ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Ohun kan ló tì í. Èmi rò pé ọ̀nà méjèèjì ló ń ṣẹlẹ̀.

Kí ló dé tí wọn kì í sábà ní plánẹ́ẹ̀tì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn?

Bí plánẹ́ẹ̀tì ńlá bá ti ń já gba inú ọ̀nà àwọn kékeré kọjá, ó ń fọ́n wọn ká ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ Júpítà gbígbóná fi ń dá gbé. Ṣùgbọ́n ní 2015, wọ́n rí kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ WASP-47b, ọ̀kan nínú lọ́hùn-ún, ọ̀kan níta, tí gbogbo wọn sì ń kọjá níwájú ìràwọ̀ náà. Irú ẹ̀ yìí kò lè jẹ́ èyí tí wọ́n tì kúrò lọ́nà.

Kí ló dé tí àwọn kan fi wú ju bó ṣe yẹ lọ?

WASP-17b fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó Júpítà méjì, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n rẹ̀ kò ju ìdajì Júpítà lọ. Ìṣirò sọ pé ó yẹ kí bọ́ọ̀lù gáàsì máa sún kì bó ṣe ń dàgbà. Ohun tó dájú ni pé àwọn tó ń gba ìmọ́lẹ̀ jù ló ń wú jù, ṣùgbọ́n òkè nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ń mú gbóná, ohun tó ń mú wọn wú sì gbọ́dọ̀ dé inú. Àwọn kan ní iná mànàmáná tó ń ṣàn nínú gáàsì gbígbóná ló ń gbé ooru wọlé. Wọn ò tíì parí ìjiyàn náà.

Ṣé lóòótọ́ ni pé WASP-12b ń já bọ̀ sínú ìràwọ̀ rẹ̀?

Lóòótọ́ ni. Láti 2008 tí wọ́n ti rí i ni wọ́n ti ń ṣàkọsílẹ̀ àkókò tó ń kọjá. Wákàtí 26 ló fi ń yí po, àmọ́ ìyípo náà ń kúrú pẹ̀lú nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 29 nínú 1,000 lọ́dọọdún. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó ń kó jọ, torí ó ń yí po ju 300 ìgbà lọ láàárín ọdún kan. Bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ọdún ló kù fún un.

Kí wọ́n tó gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n ní láti mú ohun mìíràn kúrò. Bí ọ̀nà plánẹ́ẹ̀tì kò bá rogodo tán, ọ̀nà náà lè máa yí ara rẹ̀, kí kíkọjá sì máa yá fún ọdún púpọ̀ láìjẹ́ pé plánẹ́ẹ̀tì ń já bọ̀. Wọ́n wá wo ìgbà tí WASP-12b ń wọ ẹ̀yìn ìràwọ̀ náà. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà ló ń yí, wíwọ ẹ̀yìn yẹ kó máa pẹ́ nígbà tí kíkọjá níwájú bá ń yá. Èyí tí wọ́n rí, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020, ni pé méjèèjì ló ń yá.